Ẹ̀rọ Agbóòórùn Èéfín àti Ahọ́n Ìyá Abẹ́rẹ́

                                        Yàrá Tó Kọjú sí Ọgbà,
                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ńlá.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ títí, mo kí ọ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọn ò hanrun mọ́ ni, àbí etí tìrẹ ló ti kú sí i? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, orúnkún wọn tó máa ń sọ fún wọn pé òjò ń bọ̀, ṣé ó ṣì ń sọ òótọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbígbẹ̀yìn tó fi sísọ́ọ̀sì gé irun ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí mo wá kí yín, ṣé irun náà ti hù, tàbí fìlà lẹ ṣì fi ń bò ó mọ́lẹ̀? Ara tèmi le dáadáa, a dúpẹ́. Ẹ̀yìn nìkan ló ń ro mí díẹ̀. Ìdúró nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ló fà á, kì í ṣe ọjọ́ orí, má bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi láti ọjọ́ yìí pé mi ò kọ̀wé. Bú mi tán ná, kó o wá jókòó dáadáa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà lórí ìdúró. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti gbé ahọ́n wọn wá síwájú abẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni o, Ìyá Abẹ́rẹ́ wa, olùkọ́ àgbà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn máa ń gún wa ju abẹ́rẹ́ lọ nígbà tá a wà lábẹ́ wọn. Ahọ́n yẹn gan-an ni mò ń wí, èyí tó sọ fún ọ níwájú gbogbo kíláàsì pé bó o ṣe ń di báńdéèjì, àfi bíi pé o ń di ẹrù arìnrìn-àjò. Èyí tó pè mí ní Aláròyé títí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ mi. Egbò ló yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní eyín ló ń ha á, wọ́n ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, wọ́n ń tọ́jú ara wọn, nítorí wọn ò gbà pé dókítà kankan mọ nǹkan ju àwọn lọ. Ọmọ wọn obìnrin ló fi ẹkún àti agbára wọ́ wọn wá síbí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni.

Kí n má purọ́ fún ọ, nígbà tí ìròyìn náà kọ́kọ́ dé yàrá tí à ń pàrọ̀ aṣọ, ẹnì kan nínú àwa tó jẹ ìyà lọ́wọ́ wọn ní Ọlọ́run ti wá gba ẹjọ́ wa rò. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kú mọ́ wa lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó tún lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Eyín àti ahọ́n ń jà, bẹ́ẹ̀ inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ọ̀rọ̀ àwa àti Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó tún wá bà wá lẹ́rù ni ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ṣé o rántí dókítà gíga kan tí Ìyá Abẹ́rẹ́ lé jáde ní wọ́ọ̀dù nígbà yẹn, nítorí pé kò fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn? Òun náà ni. Ó ti di ọ̀gá pátápátá báyìí, irun orí rẹ̀ sì ti re àjò. Bí kò bá sí nítòsí, Ọ̀gá Gé-Sí-i là ń pè é. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ò mọṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn tó bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ń yè. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ń dẹ́rù bà á. Bó bá gé èyí tójú rí tán, á tún ní, “Ẹ jẹ́ kí n gé e sí i díẹ̀,” nítorí pé ojú lásán ò lè rí ibi tí jẹjẹrẹ parí sí. Lára ikùn tàbí ẹ̀yìn, díẹ̀ yẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Ahọ́n kì í ṣe ilẹ̀ oko. Egbò tí à ń wí yìí wà létí ahọ́n, ó sì ń yọ́ lọ sí àárín. Bí jẹjẹrẹ náà ò bá tíì dé àárín, èyí tó máa ṣẹ́ kù á tó fún ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì. Bó bá ti kọjá àárín, tàbí tí Ọ̀gá ṣáà rò pé ó ti kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú ahọ́n náà ló máa lọ, Ìyá Abẹ́rẹ́ yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ títí ọjọ́ ayé. Àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà ò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ibẹ̀ ni èmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. O mọ̀ pé mo ti fi iṣẹ́ wọ́ọ̀dù sílẹ̀, wọ́n sì rán mi lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun kan. Nígbà tí mo sọ fún ọ pé ẹ̀rọ náà ń gbóòórùn, ẹ̀rín lo fi mí rín. Ó dáa, gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. O ò ní gbàgbé abẹ oníná, èyí tó ń gé ẹran ara tó sì ń jó ojú rẹ̀ pa kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà. O ò sì ní gbàgbé èéfín rẹ̀, òórùn tó máa ń lẹ̀ mọ́ wa nírun dé ibi tí a ti ń jẹun. Tẹ́lẹ̀, ṣe là ń fi páìpù fa èéfín yẹn dànù. Ní báyìí, páìpù náà ń lọ tààrà sínú ẹ̀rọ mi, tó ga tó fìríìjì, tó sì ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ̀rọ náà á ya gbogbo ohun tó wà nínú èéfín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí dórí èyí tójú ò lè rí, á wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, á wá fi wé ohun tí mo ti fi kọ́ ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá tó wà nínú ara tó dá ṣáṣá yàtọ̀ sí ọ̀rá inú jẹjẹrẹ, èéfín wọn ò sì lè jọra. Kó o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ìdáhùn á ti yọ lójú kọ̀ǹpútà: àwọ̀ ewé bó bá jẹ́ ara tó dá, pupa bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, àwọ̀ eérú bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ò mọ̀ ọ́n. Èmi fẹ́ràn eérú yẹn jù. Èèyàn mélòó lo mọ̀ tó lè la ẹnu sọ pé òun ò mọ̀?

Ká tó gba ẹ̀rọ náà láyè nítòsí aláìsàn, ẹran lásán ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ẹran màlúù, ti àgùntàn, ti ewúrẹ́, ti adìyẹ. Mò ń ra ẹran débi pé àwọn tá a jọ ń gbé rò pé mo fẹ́ ṣe ìyàwó tí mi ò sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà la wá bọ́ sórí ti èèyàn. Bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i, ohun tí wọ́n bá gé kúrò lára rẹ̀, ẹ̀rọ mi á gbóòórùn rẹ̀, àwọn ará yàrá àyẹ̀wò náà á fi awò wọn tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó, a ó sì fi ìdáhùn méjèèjì wéra. Ó pẹ́ ká tó bọ́ níbẹ̀.

Ọ̀gá Gé-Sí-i ò gbà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé tòun ti ẹran lílọ̀ nínú láílọ́ọ̀nù. Ó ní màlúù gidi ni, lọ́dọ̀ alápatà tí òun ti ń rajà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí n bi ẹ̀rọ mi bóyá ó mọ̀ ọ́n. Mo fi abẹ oníná kàn án. Ẹ̀rọ ní màlúù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n adìyẹ wà níbẹ̀. Háà! Ọ̀gá rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ẹ̀rọ olówó ńlá ò mọ ìyàtọ̀ láàárín màlúù àti adìyẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló fòpin sí ẹ̀rín náà. Obìnrin yẹn yà lọ́dọ̀ alápatà nírọ̀lẹ́, kò jà, kò pariwo, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Adìyẹ yẹn ńkọ́?” Alápatà ò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní, “Ẹ forí jì mí, mà, díẹ̀ báyìí ni mo máa ń fi lú u kó lè pọ̀.” Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá ò fi ẹ̀rọ mi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé o rò pé ó tẹríba? Ó ní ó dáa, ẹ̀rọ náà mọ adìyẹ. Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í ṣe adìyẹ.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, Ìyá Abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ pe èmi àti Ọ̀gá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n jókòó gbagidi bíi pé àwọn ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà fún wa. Ẹnu ń ro wọ́n bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n ń sọ ọ́.

Wọ́n dojú kọ Ọ̀gá, ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ o, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mi, mú un. Bó bá jẹ́ apá, mú un. Ahọ́n yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin láìsí bàbá wọn nílé. Òun ni mo fi kọ́ gbogbo àwọn tó ń rìn káàkiri ilé ìwòsàn yìí níṣẹ́. Bí jẹjẹrẹ bá wà níbẹ̀, gé e. Bí kò bá sí níbẹ̀, má torí ẹ̀rù tó ń bà ọ́ gé ahọ́n tèmi.”

Ọ̀gá ní, “Màmá, ẹ̀mí yín ni mò ń ṣọ́.”

“Ẹ̀mí wo? Kí n wà láyé kí n máa wò yín bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́kíṣẹ́, kí n má lè sọ̀rọ̀?”

Wọ́n wá yí sí mi. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínlógún padà kí wọ́n tó la ẹnu. “Aláròyé, ẹ̀rọ rẹ yẹn, ṣé ó máa ń purọ́?” Mo ní rárá, mà. “Ìwọ ńkọ́?” Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ohun tó bá sọ ni kó o sọ. Bó bá ní ó ti bàjẹ́, má ṣàánú mi.”

Ọ̀gá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá sọ pé ara náà dá, tí yàrá àyẹ̀wò sì jẹ́rìí sí i, òun á dúró. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà bí ẹni ń gbé oògùn kíkorò mì. Bá a ṣe fẹ́ máa lọ, mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rí ọwọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ lórí aṣọ ìbora. Ó ń na etí aṣọ náà tó ti nà tẹ́lẹ̀, léraléra. Ẹlẹ́rìn-ín, mi ò rí i rí kí ọwọ́ yẹn ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Ìyá Abẹ́rẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá eruku tí wọ́n á torí rẹ̀ bú ẹnì kan. Dókítà tó ń kun èèyàn lóorun wà níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè; Akunnilóorun lorúkọ tí a fún un. Ó ní kí wọ́n máa ka nọ́ńbà. Wọ́n ní, “Ìwọ ni kó o kà á, kí n mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n.” Oorun gbé wọn lọ kí wọ́n tó gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ̀yìn Ọ̀gá ni mo jókòó sí, ojú mi ń bẹ lára kọ̀ǹpútà, etí mi ń bẹ lọ́dọ̀ abẹ. Bó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń tan abẹ náà, á dún tíí, èéfín á wọ páìpù, èmi á sì sọ ohun tí mo rí. Lórí egbò náà gan-an, pupa. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó bọ́ síwájú, àwọ̀ ewé. Ó lọ sí ìsàlẹ̀, àwọ̀ ewé. Ó lọ sẹ́yìn nítòsí ọ̀fun, pupa. Ó bẹ́ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó di àwọ̀ ewé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù, ìwọ náà sì mọ ibi tó bà lé nínú òwe yẹn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbomú mi. Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, èyí tó kọjú sí àárín ahọ́n, tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá fi abẹ kàn án. Eérú.

Ó tún un kàn. Eérú. Ó sún un síwájú díẹ̀. Eérú. Ẹ̀rọ tí mo ti ń fọ́nnu nípa rẹ̀ kiri dójú tì mí láàárín èèyàn. Ọ̀gá ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Èmi ò gbọ́ èdè eérú o. Bá ò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀, a ó gé e sí i.” Ó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì tó ń gbé irinṣẹ́ fún un pé kó fún òun ní abẹ mìíràn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà àfi èmi. Kí n ṣáà ti ní àwọ̀ ewé ni, ọ̀rọ̀ á tán, ahọ́n á ṣẹ́ kù. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Màá ti fi àánú pa wọ́n. N ò mọ ìgbà tí mo kígbe pé, “Ẹ dúró, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé e.” Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún Ọ̀gá Gé-Sí-i pé kó dúró.

Ó ní, “Kí lo rí?”

Mo ní mi ò tíì mọ̀ ọ́n, àmọ́ ohun kan wà nínú èéfín yìí tí kì í ṣe ẹran ara. Nínú àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà, ìlà gíga kan dá dúró gbọnrangandan níbi tí ọ̀rá ara kankan kì í dúró sí, ó sì bo gbogbo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló wà lẹ́nu Màmá. Nọ́ọ̀sì ní omi tí wọ́n fi fọ ẹnu wọn ni. Ẹ̀rọ mọ ìyẹn tipẹ́. Ọ̀gá ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀rọ mọ ẹ̀jẹ̀ ju èmi lọ. Akunnilóorun wá rọra wúkọ́. Ó ní, “Nígbà tí mò ń ti páìpù bọ̀ wọ́n lọ́fun, mo gbọ́ òórùn kànáfùrù. Mo rò pé ọ̀kan nínú yín ló jẹ ẹ́ wá síbi iṣẹ́, mo ní kí n má dójú ti ẹnikẹ́ni.”

Ìwọ wo ọkùnrin jẹ́jẹ́! Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ahọ́n lẹ́nu ẹni tó ni ín.

A pe wọ́ọ̀dù lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ gbọn ìrọ̀rí, kò rí nǹkan kan. Ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí níbẹ̀. Ó wá ṣí àpò tí Màmá ń fi awò ojú wọn sí, ìgò òróró kànáfùrù kan báyìí ló bá níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣe ni Màmá ń fi ìka kùn ún sí ahọ́n fún ìrora, láìsọ fún ẹnì kankan, títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá Abẹ́rẹ́ o! Àwọn tó lé odindi akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní kíláàsì nítorí pé ó fún aláìsàn ní súwíìtì kan láàárọ̀ iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu! Èéfín kànáfùrù ló bo ẹ̀rọ mi lójú.

Ọ̀gá ní kí wọ́n fi omi iyọ̀ fọ ahọ́n náà, kí wọ́n tún un fọ̀, kí wọ́n nù ún. Èmi náà fọ páìpù mi, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ fa atẹ́gùn lásán títí ìlà burúkú yẹn fi pòórá. Ọ̀gá wá bẹ́ awọ òkè kúrò, tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà, ó fi abẹ oníná kan abẹ́ rẹ̀. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo tún un wò.

“Àwọ̀ ewé, sà.”

Ó sún un sí apá kejì. Àwọ̀ ewé. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá ẹ̀rọ lójú, èmi ni ẹ̀rù ń bà.

Ó gé ègé kékeré kan níbẹ̀, wọ́n sáré gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. A wá dúró. O ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìdúró, àfi tó o bá dúró de ìdáhùn pẹ̀lú ẹni tó ń sùn lórí tábìlì níwájú rẹ. Mo rí ọwọ́ Ọ̀gá tó ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ abẹ, mo rí i tó fà á padà. Nígbà tí fóònù dún, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Àwọn ará àyẹ̀wò ní kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọ̀gá bá gbé abẹ sínú àwo. Ó ní, “Ó tó. Ẹ jẹ́ ká rán an.” Ṣé o mọ̀ pé nọ́ọ̀sì bi í pé, “Sà, kí lẹ wí?” Kò gbọ́ “ó tó” lẹ́nu ọkùnrin yẹn rí láyé rẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ jí, ara wọn sì ń le sí i, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí ahọ́n á fi jinná. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn le fún wa ju fún wọn lọ. Ojú ni wọ́n fi ń bá wa wí. Bá a bá sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kànáfùrù, wọ́n á yíjú sí ògiri bíi pé wọn ò gbọ́ èdè wa. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà wá. Ahọ́n ṣẹ́ kù lóòótọ́, àmọ́ ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó yẹ kó o rí wọ́ọ̀dù náà. Gbogbo wa la rí ohun tá a wá ṣe níbẹ̀. Akunnilóorun ní òun wá wá bírò òun. Ọkùnrin kan láti yàrá àyẹ̀wò ní òun ṣìnà, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ níbí láti ìgbà tí mo ti dé. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ń nu ojú kan náà láìkúrò níbẹ̀. Ọ̀gá dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ó ní, “Màmá, ẹ gbìyànjú. Ẹ sọ ohunkóhun tó bá wù yín.”

Ìyá Abẹ́rẹ́ wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n la ẹnu. Ohùn náà ki, ó sì ń wọ́lẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí a ò gbọ́. Wọ́n ní, “Ta ló ń tọ́jú àwọn aláìsàn yòókù?”

Ẹkún àti ẹ̀rín gbé wa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, kò sì tètè nù ún tán. Èmi ò lè mú un mọ́ra, mo sunkún gan-an, wọ́n sì ní kí n lọ sun ún níta kí n má baà kó àìsàn ran àwọn èèyàn. Ìgbà tí Ọ̀gá wá fi ọgbọ́n bi wọ́n nípa òróró kànáfùrù, wọ́n ní, “Òróró kì í ṣe oúnjẹ.” Wọ́n sì di ojú, ó túmọ̀ sí pé ìpàdé ti parí.

Ẹlẹ́rìn-ín, bá mi kí gbogbo ilé. Kí bàbá àwọn ọmọ dáadáa, kí o má sọ ohun tí mo wí nípa ìhanrun. Kí ìyá ọkọ rẹ, ní mo dọ̀bálẹ̀ bí obìnrin ṣe ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bá mi fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, kó o sì gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sókè. Tó o bá ráyè kọ̀wé sí Ìyá Abẹ́rẹ́, kọ ọ́ kó gún régé, wọn ò tíì gbàgbé bí ìkọ̀wé rẹ ṣe máa ń wọ́.

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ dákẹ́, nítorí iṣẹ́ wà fún mi lọ́la. Olùkọ́ tó ń kọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ padà ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ gan-an lójoojúmọ́, kí ahọ́n náà má baà le gan. Wọ́n ní àwọn ò lè máa bá ògiri sọ̀rọ̀, la bá pín in láàárín ara wa: ojoojúmọ́ ni ẹnì kan ń lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n lè rí ẹni bú. Ọ̀gá ti lọ tirẹ̀. Ó jáde tòun ti òógùn lójú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣàròyé pé gbogbo wa ń wá ní mímọ́ tónítóní jù, ọ̀rọ̀ ń tètè tán lẹ́nu àwọn. Èmi ló kàn lọ́la. Mi ò lọ aṣọ iṣẹ́ mi. Mo ti já bọ́tìnnì méjì kúrò lára rẹ̀, mo sì ti fi ẹrẹ̀ kun bàtà ọ̀tún.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè pa ẹnu mọ́,

Aláròyé.